Àwọn Ìkòkò Tó Dúró Lórí Òkú Òkè Ayọnáyèéfín

Òkúta dúdú kan wà nílé wa ní Ìsọlọ̀ báyìí, tó kún fún ihò wínníwínní bí àkàrà tó wú dáadáa. Ìyá mi ló ni ín. Òun ló fi ń ha gìgísẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ kó tó múra, ó sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun kò tíì rí òkúta tó ń ha ẹsẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ń wá yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìyá mi kì í sọ fún wọn, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́, ni pé inú òkè kan tó ń pọ iná nígbà láéláé ni òkúta náà ti wá. Òkè náà kò sì sí lórí ilẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ó jìn ju kànga èyíkéyìí tí bàbá mi gbẹ́ rí lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Bọ́ládé, àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní èmi Lásísì lọ sí Òkè Ọya, irọ́ ni mo rà bọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì tán síbẹ̀.

Ọmọ agbẹ́kànga

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé kànga ni iṣẹ́ ilé wa. Láti Bọ́ládé títí dé Àìlégún, yóò pẹ́ kí ẹ tó rí agbolé àtijọ́ kan tí bàbá mi tàbí bàbá tó bí i kò gbẹ́ kànga sí. Ilẹ̀ tiwa rọ̀. O ó gbẹ́ yanrìn, o ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa, tí ilẹ̀ bá wá dúdú lábẹ́ ọkọ́ rẹ, tó ń rùn bí àbàtà, kí o yáa ké sí àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n sọ garawa sílẹ̀, omi dé. Ilẹ̀ dúdú, omi nìyẹn. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí gbogbo agbẹ́kànga Ìsọlọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì já wa kulẹ̀ rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, iléeṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ wá omi lábẹ́ ilẹ̀ ń gba òṣìṣẹ́ fún Òkè Ọya. Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì, alágbẹ̀dẹ kan tó ń gbé nítòsí ojú irin ní Òṣòdì, ló wá sọ fún mi. Wọ́n ti gba òun láti máa pọ́n irin ẹ̀rọ náà. Ìyá mi wò mí títí.

Ó ní, "Ṣé omi tó wà ní Ìsọlọ̀ níbí kò tó ọ gbẹ́ ni?"

Mo ní, "Ó tó mi gbẹ́, Ìyá mi. Àmọ́ mo fẹ́ mọ bí tiwọn ṣe rí."

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ ní Òṣòdì. N kò ní fi ìròyìn ọkọ̀ da yín láàmú, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ariwo rẹ̀ tó. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí. Ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró, àwọn èèyàn a máa gbé oúnjẹ wá sójú fèrèsé. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí o bá ra ẹ̀kọ àti àkàrà, wọn á bu omi fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn á tún bi ọ́ bóyá ó tó. Bí a ṣe ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ife omi ń kéré sí i. Nígbà tí a ti ré odò Ọya kọjá tipẹ́, mo ra ẹran sísun lọ́wọ́ bàbá kan, mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi lómi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹran ni mò ń tà."

Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí òùngbẹ ń gbẹ mí.

Igbá omi kan

Kwálàm ni mo máa pe abúlé náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí ewúrẹ́ bá dúró lókèèrè réré, o ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí òkè, kò sí àpáta, kò sí òkìtì tí ọmọdé lè fi ṣeré. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Ìkíni wọn gùn. Wọ́n á béèrè ara rẹ, wọ́n á béèrè àárẹ̀ ọ̀nà, wọ́n á béèrè ilé tí o fi sílẹ̀ àti ìyá tó bí ọ, wọn kì í sì í wo ojú rẹ bí wọ́n ṣe ń kí ọ, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ní Òṣòdì, ẹni tó bá ń kí ọ tó ń wo ilẹ̀, o ó tọ́wọ́ bọ àpò rẹ kí o mọ̀ bóyá owó rẹ ṣì wà níbẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Èdè Hausa díẹ̀ wà lẹ́nu mi, èyí tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn olóbì ní Agége. Mo mọ bí a ṣe ń ná obì, mo mọ bí a ṣe ń bú ẹni tó jí obì, ìyókù ni mò ń wá kiri. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n gbọ́ mi.

Wọ́n pín àwa òṣìṣẹ́ sí ilé àwọn ará abúlé. Ọ̀dọ̀ opó kan tí wọ́n ń pè ní Làràbá ni wọ́n fi mí sí. Ó ga, ó gbẹ, ó ju ìyá mi lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ni ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá ńlá kan tó kún fún omi wá síwájú mi. Igbá náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti fi okùn rán an. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi, ó yíjú sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará ilé, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ní Ìsọlọ̀, bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé, omi ìwẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fún un. Mo dúpẹ́ dáadáa, mo gbé igbá náà lọ sẹ́yìn ọgbà tí wọ́n fi koríko ṣe, mo mú ọṣẹ mi, mo wẹ̀. Mo wẹ̀ débi pé mo kọrin. Nígbà tó kù díẹ̀ nílẹ̀ igbá, mo dà á lé orí.

Nígbà tí mo jáde, gbogbo ilé ti jáde sójú àgbàlá. Làràbá wo ara mi tó ń dán.

Ó ní, "Ara rẹ mọ́."

Ó gba igbá òfìfo lọ́wọ́ mi, ó gbé ìkòkò kan lé orí, ó sì jáde lọ. Oòrùn ti wọ̀ kó tó dé.

Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì ló wá là mí lójú. Ó ti gbọ́ nílé tí wọ́n fi òun sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí sí mi.

Ó ní, "Lásísì, ṣé o mọ ibi tí màmá yẹn lọ? Omi tí gbogbo ilé máa mu lo fi fọ ìdí."

Bí ẹnì kan bá gbá mi létí lójú ọjà, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìkòkò, mo tẹ̀lé e. A rìn títí ẹsẹ̀ mi fi ń ta mí. Ibi tí a dé kì í ṣe odò, ojú odò tó ti gbẹ ni. Àwọn obìnrin ti gbẹ́ ihò sínú yanrìn, wọ́n sì jókòó yí i ká, wọ́n ń dúró kí omi sun. Yóò sun bí ìwọ̀n ife kan, ẹni tó kàn á bù ú, wọn á tún dúró. Kò sí ìjà, kò sí pé ìwọ lo kàn tàbí èmi ni mo kàn. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń fi garawa lu ara wọn lórí nídìí omi ẹ̀rọ ní Òṣòdì, ojú tún tì mí nítorí gbogbo wa.

Níbẹ̀ ni Làràbá ti bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Bí ẹ̀rọ yín kò bá rí omi lẹ́ẹ̀rùn yìí, a ó kó kúrò. Baálẹ̀ ti sọ ọ́. Èmi ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ọkọ mi lápá ìlà-oòrùn. Obìnrin tó jókòó yẹn, a jọ ṣe ìyàwó lọ́dún kan náà ni, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn. A ò ní rí ara wa mọ́. Kò ní sí ibi tí wọ́n ń pè ní Kwálàm mọ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ máa wò ó. A ò ní lọ láìrí omi."

Ó bu ife omi tirẹ̀.

Ilẹ̀ dúdú

Túwó ọkà bàbà ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé oṣè tó ń yọ̀ bí ilá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mò ń gbé e mì bí ẹni ń gbé òògùn mì. Mò ń lálàá ẹ̀bà àti ẹja tútù. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà bóyá ó ti jinná. Àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹun, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á rò pé kò yó. Èmi tí wọ́n tọ́ pé kí n máa lá àwo mọ́, ó gbà mí ní sùúrù.

Ẹ̀rọ wa kò ṣòroó yé. Irin ńlá kan tó gùn ju èèyàn lọ, tí ẹnu rẹ̀ mú, rọ̀ mọ́ wáyà. Ẹ́ńjìnnì á gbé e sókè, á sì já a jù sínú ihò, gbì, gbì, gbì, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó sọ páìpù kan kalẹ̀ láti fi bu ẹrẹ̀ tó ti lù jáde. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń mu omi, lọ́rì ló ń lọ pọn ọ́n wá nínú àgbá tí wọ́n fi kó dísẹ́ẹ̀lì rí. Màlúù gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú kúrò.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa da ẹrẹ̀ náà sílẹ̀ kí ọ̀gá lè wò ó. A lu yanrìn. A lu amọ̀ tó nípọn, tí mo rò pé kò ní tán láé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo da páìpù nù, ohun tó jáde sì dúdú kirikiri.

Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. N kò dúró de ọ̀gá, n kò bi Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì. Ọmọ agbẹ́kànga ni mí, ilẹ̀ dúdú ni mo rí. Mo fò sókè, mo sáré wọ àárín abúlé, mo ń pariwo lédè Hausa àwọn olóbì pé, "Ruwa! Omi! Ẹ gbé ìkòkò síta! Ó di ọ̀la, ọ̀la lẹ ó mu omi!"

Àwọn obìnrin ké. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù gbé ìkòkò omi tó tóbi jù nílé rẹ̀ lé orí. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ yí ẹ̀rọ wa ká, ẹnu sókè. Làràbá gbé tirẹ̀ sí iwájú pátápátá. Inú mi dùn, mo ń rìn láàárín àwọn ìkòkò náà bí ọba.

Lórí òkè

Ọ̀gá wa jẹ́ òyìnbó kan tí oòrùn ti pọ́n bí ata. Ó bu ẹrẹ̀ dúdú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi omi ṣàn án, ó fi awò kékeré kan wò ó. Kì í ṣe ẹrẹ̀ rárá. Òkúta ni, tí irin ti lù di lẹ́búlẹ́bú. Ó jókòó sórí àgbá.

Ó ní, "Lásísì, ṣé o mọ ibi tí o dúró sí?"

Mo ní, "Kwálàm ni, ọ̀gá."

Ó ní, "Orí òkè lo dúró sí."

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo rí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókèèrè. Mo rò pé oòrùn ti mú ọ̀gá lórí. Ó wá mú igi, ó fi ya nǹkan sórí yanrìn, Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì sì ń túmọ̀ èyí tí èdè Òyìnbó tó wà lẹ́nu mi kò gbé. Ó ní nígbà kan, tí kò tíì sí ẹnì kankan láyé tí ì bá wò ó, òkè ayọnáyèéfín kan wà níbẹ̀. Òkúta yíyọ́ ń hó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó hó kúrò nínú ìkòkò. Iná náà kú. Òjò lù ú, odò kó yanrìn àti amọ̀ wá bò ó, díẹ̀díẹ̀, títí orí òkè náà fi wọlẹ̀ pátápátá, tí koríko hù lórí rẹ̀. Òun ni irin wa ń lù.

Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì ti ń sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ní jí?"

"Kò ní jí. Ó ti kú."

"Òkú ló le báyìí!"

Ó le lóòótọ́. Irin tí à ń fi ọjọ́ púpọ̀ lò nínú amọ̀, ẹnu rẹ̀ ń kú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nígbà tí a bá lù ú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohun tí a jèrè kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mélòó kan lọ. Ọ̀la tí mo ṣèlérí dé, ó kọjá. Ọ̀tunla kọjá. Ìkòkò ń bẹ níbẹ̀, eruku ọyẹ́ ń bò wọ́n, aláǹgbá ń sùn nínú wọn.

Mo lọ bá baálẹ̀, arúgbó kan tó máa ń jókòó sábẹ́ igi oṣè. Mo ní kó dákun sọ fún àwọn obìnrin kí wọ́n kó ìkòkò wọn wọlé ná.

Ó wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń kí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, lọ́dọ̀ wa, ìkòkò tí a bá gbé síta de omi kì í padà sílé lófìfo. Bí omi bá dé, a ó gbé e wọlé. Bí omi kò bá dé, a ó fọ́ ọ síbẹ̀, a ó sì kó kúrò ní ìlú. A ò tíì ní kí ẹnikẹ́ni gbé wọn síta lọ́dún yìí. Àwa àgbààgbà ṣì ń rò ó. Ìwọ lo ní kí wọ́n gbé e."

Orí mi wú. Èmi, tí mo ti da omi mímu wọn lé orí, ni mo tún fi ẹnu mi kó ìkòkò ìlú síta.

Èédú

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Fíníṣì." Ó ní gbogbo irin ti kú lẹ́nu, èédú òkúta tí a kó wá láti fi pọ́n wọn ti tán, òkè yìí sì lè máa bá a lọ títí dé ibi tí ayé parí sí. Ó ti ránṣẹ́ pe lọ́rì ńlá tí yóò wá fa ẹ̀rọ lọ sí abúlé mìíràn.

Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn ìkòkò yìí ńkọ́?"

Ó ní òun kọ́ ló ní kí wọ́n gbé wọn wá. Òótọ́ ló sọ, n kò lè bínú sí i.

Mo lọ jókòó sáàárín àwọn ìkòkò náà. Mo fi àáké kọ́rí. Mo ní bí lọ́rì bá dé, wọ́n á gbé ẹ̀rọ, wọ́n á gbé àgọ́, wọ́n á gbé Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì, wọ́n á fi Lásísì sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, nítorí mi ò ní jókòó sínú ọkọ̀ kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ìkòkò lẹ́yìn mi.

Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì ní, "Ọkọ́! O fẹ́ fi ọkọ́ gbẹ́ òkè iná?"

"Tí irin ò bá sí, ẹ̀gbọ́n, màá fi ọkọ́."

"Orí ẹ ti dàrú." Ó jókòó tì mí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Iná ni mo fẹ́. Tí mo bá rí iná tó gbóná dáadáa, mo lè pọ́n irin wọ̀nyẹn."

Mo dìde, mo tọ ọ̀gá lọ. Mo ní, "Tí irin bá mú, ṣé ẹ ó lù ú?"

Ó ní, "Títí lọ́rì á fi dé. Tó bá dé, mo ti lọ."

Làràbá ni mo kọ́kọ́ sọ fún. N kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo ní iná ni a nílò, iná tó ju ti oúnjẹ lọ. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó mú àáké. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo obìnrin Kwálàm ti wà nínú igbó, wọ́n ń gé igi kan tó le tó bẹ́ẹ̀ tí àáké ń fò lórí rẹ̀, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń wú u ní èédú. Alágbẹ̀dẹ abúlé, tí kò rọ ju ọkọ́ àti ọ̀bẹ lọ rí, gbé ẹwìrì rẹ̀ tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ ṣe wá. Òun àti Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì kò gbọ́ èdè ara wọn rárá. Wọ́n wo irin náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Báyìí ni ayé wa ṣe rí láti ọjọ́ náà lọ. Irin kan wà nínú ihò, ọ̀kan wà nínú iná, ọ̀kan ń tutù. Èmi ni mo ń fín ẹwìrì nígbà tí n kò bá sí nídìí páìpù. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó tún bó. Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì ń fi òòlù lu irin, ó ń bú òkè náà lédè Yorùbá, ó ń bú u bí ẹni ń bú onígbèsè. Ọ̀gá tó ti ní Fíníṣì, ó bọ́ ẹ̀wù, ó dúró tì wáyà, ó fi ọwọ́ kàn án láti mọ bí irin ṣe ń bọ́ sí nísàlẹ̀. Kò sọ pé òun ti yí ọkàn padà. Àmọ́ mo rí i pé kò wo ojú ọ̀nà mọ́.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí Làràbá tó lọ sílé, ó máa ń yà síbi ìkòkò rẹ̀. Á da aláǹgbá inú rẹ̀ nù, á fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu eruku ẹnu rẹ̀, á sì tún gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà. N kò rí ohun tó fún mi lágbára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí òkè náà fi pamọ́

Eruku lọ́rì ńlá náà la kọ́kọ́ rí, lókèèrè réré, bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ débi pé o ó rí ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ tipẹ́tipẹ́. Gbogbo wa rí i. Ọ̀gá rí i. Ẹnikẹ́ni kò pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì fa irin tó kẹ́yìn jáde nínú iná, ó lù ú, ó rì í bọ omi, a gbé e sínú ihò. Gbì, gbì, gbì. Mo ń wo eruku. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì náà dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn, ó ń béèrè ibi tí yóò ti so okùn mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gá nawọ́ sí i pé kó dúró ná.

Ìró náà ló kọ́kọ́ yí padà. Irin tó ti ń dún bí ẹni lu àpáta wá ń dún bí ẹni gún nǹkan nínú odó. A sọ páìpù kalẹ̀. Mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Òkúta dúdú ni, àmọ́ kò kúnná mọ́, ó já ní ègé ńlá ńlá, ègé kọ̀ọ̀kan sì kún fún ihò. Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní ìfóòfó òkè náà nìyí, ibi tí ó ti hó bí ẹnu ìkòkò nígbà tó wà láàyè, afẹ́fẹ́ ló sì ṣe ihò wọ̀nyẹn. Ó ní bí omi bá wà níbikíbi nínú òkè yìí, inú ihò wọ̀nyí ni.

Èmi kò pariwo. Mo ti kọ́gbọ́n. Mo tún sọ páìpù kalẹ̀, mo fà á sókè, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi ẹlẹ́rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ ọ bó ṣe bọ́ sínú omi kí wáyà tó lọ tán: omi ń gòkè bọ̀ nínú ihò fúnra rẹ̀. A ń fà á, a ń dà á nù. Dúdú, eérú, funfun bí omi ògì. Oòrùn ti yí nígbà tí mo da páìpù kan nù tí mo rí ojú mi nínú rẹ̀.

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó dì í sẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e mì. Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, àwọn obìnrin sì dún bí òjò tó já lu páànù. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì ká okùn rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú àwọn ìkòkò náà, láti orí ìlà dé ìdí ìlà, èmi fúnra mi, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n gbé wọn wá. Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ̀lì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo kọ̀. Nígbà tí mo da omi kún ìkòkò Làràbá, kò gbé e. Ó lọ sílé, ó mú igbá kan bọ̀. Mo mọ igbá náà nípa okùn tí wọ́n fi rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bu omi kún un títí ó fi ń dà sílẹ̀, kò sì bìkítà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá sí ibi tí mo dúró sí, tí èédú àti lẹ́búlẹ́bú òkúta ti bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Àlejò, lọ wẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ mu."

Ó ní, "Mo ti mu. Lọ wẹ̀."

Mo gbé igbá náà lọ sẹ́yìn ọgbà koríko. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé òkè náà kò tíì tutù tán. Mo fi ọṣẹ wẹ gbogbo ara mi, mo da èyí tó kù lé orí, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti ń gbé ìkòkò padà sílé.